Ọmọ ọdún 13 ló ní ká padà lórí Òkè Ìdànrè

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń rà á, tí mo bá ti kà á tán ní ṣọ́ọ̀bù màá fi lé ẹni tó kàn mí lọ́wọ́, ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn á kárí gbogbo ìlà wa lọ́jà kó tó di Sátidé. Mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tó mú mi kọ èyí ni lẹ́tà bàbá kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, tí wọ́n ní àwọn síkáótù kan (Scouts, ẹgbẹ́ ọmọdé oníkákí) kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sórí òkè lásìkò òjò, nígbà tó yẹ kí àwọn ọmọ wà ní lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún ìgbà họ́lídé, pé èyí tó tiẹ̀ wá burú jù ni pé ọmọdé ló ń pàṣẹ fún àgbà níbẹ̀. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ àwa tá a lọ mọ̀ pé àwa ni wọ́n ń bá wí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè, torí ó ṣojú mi kòró, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan.

Aṣọ àǹkárá ni mò ń tà l'Ákùúrẹ́. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 ló wọ ẹgbẹ́ síkáótù yìí lọ́dún tó kọjá, kí n má purọ́, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ síbi ìpàdé wọn láti lọ wo irú ibi tọ́mọ mi ń lọ ní gbogbo Sátidé, ọmọbìnrin kan tó wọ kákí, tó so sikáàfù mọ́rùn, sáré wá bá mi, ó na ọwọ́ òsì sí mi pé ká bọwọ́. Ọwọ́ òsì kẹ̀! Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, tó o bá na ọwọ́ òsì gba búrẹ́dì lọ́wọ́ àgbà, ìgbájú ló máa tẹ̀ lé e. Ọ̀gá síkáótù, olùkọ́ ni wọ́n, wá bá mi ṣàlàyé pé bí síkáótù gbogbo àgbáyé ṣe ń kíra wọn nìyẹn, pé ìtàn tí wọ́n ń sọ sí i ni pé ọ̀dọ̀ àwọn jagunjagun Asante ní Gánà ni Baden-Powell tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ti rí i, pé ọwọ́ òsì ni jagunjagun fi ń di asà mú, tó bá wá lè gbé asà sílẹ̀ kó fi ọwọ́ yẹn kí ẹ, á jẹ́ pé ó fọkàn tán ẹ nìyẹn. Mo gbọ́ o, àmọ́ mo ní kó fọwọ́ ọ̀tún kí mi, ó sì fọwọ́ ọ̀tún kí mi, ó tún kúnlẹ̀ sí i. Ọmọ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà nínú lẹ́tà bàbá yẹn.

Ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bá a ṣe múra ìrìn àjò yìí, torí bí bàbá ṣe kọ ọ́ dà bíi pé àwọn èèyàn kan kàn jí lọ́jọ́ kan ni, wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n da ọmọ sínú ẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ni wọ́n ti pe àwa òbí jọ. Wọ́n ní tí ilé ìwé bá ti gba họ́lídé, lóṣù kẹjọ nígbà tí òjò bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn fẹ́ mú àwọn ọmọ gun Òkè Ìdànrè, wọ́n sì fún wa ní ìwé tá a máa buwọ́ lù, kí òbí kọ àìsàn tó bá wà lára ọmọ síbẹ̀, ikọ́ fée ni o, sickle cell ni o, kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọmọ rìn ní gbogbo Sátidé, kìlómítà 3 lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sún un sí 5, wọ́n sún un sí 8, tàwọn ti báàgì lẹ́yìn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé ọ̀rá pure water mẹ́rin, ìyẹn jẹ́ lítà 2, á gbé rénkóòtù, oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́, àti fèrè. Fèrè yẹn ní bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n o, tó o bá sọnù tàbí tó o ṣèṣe, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lo máa fọn ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan, wàá dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, wàá tún bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ á fọn tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti dá ẹ lóhùn. Ọmọ mi fi kọ́ gbogbo ilé wa títí a fi mọ̀ ọ́n sórí.

Wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má ra bàtà tuntun fún ọmọ nítorí òkè o, èyí tó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ tí abẹ́ ẹ̀ ṣì ń di ilẹ̀ mú ni kó wọ̀. Èmi tí mo gbà láti bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí àgbà ni mi ò tẹ̀ lé ìyẹn, kánfáásì tuntun ni mo wọ̀, ká tó dé ibi ìsinmi kejì gìgísẹ̀ mi ti bó, mo fi bẹ́ẹ̀ gbé e gòkè gbé e sọ̀. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé nínú ọmọ 21 tó lọ, kò sí ọmọ kankan tí bàtà bó lẹ́sẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni wọ́n ṣe.

Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí, ọmọ méje méje, Ẹkùn, Àṣá, Àgbọ̀nrín, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tiẹ̀ láàárín àwọn ọmọ fúnra wọn. Ọmọbìnrin tó na ọwọ́ òsì sí mi yẹn, ọmọ ọdún 13, ni olórí Àṣá. Àwa àgbà márùn-ún ló tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú ẹnì kan tó dúró sísàlẹ̀ tó mọ aago tó yẹ ká sọ̀ kalẹ̀, tá a bá pẹ́ kó mọ ẹni tó máa pè. Kó tó di ọjọ́ náà, ọ̀gá síkáótù ka òfin kan sí wa létí, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á: ọ̀wọ́ tó bá wà níwájú ló ń ṣáájú, olórí ọ̀wọ́ yẹn ló ń wo ọ̀nà àti ojú ọjọ́, tó bá ní ká padà, a máa padà, ọmọdé ni o, àgbà ni o, kò sí àríyànjiyàn. Gbogbo wa ní a gbọ́. A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa dé bá wa.

Ìdànrè ò jìnnà sí Àkúrẹ́, aago méje ku díẹ̀ la ti kúrò, oko kòkó lọ́tùn-ún oko kòkó lósì, ó wá di pé àwọn òkè yẹn kàn yọ sí wa lẹ́ẹ̀kan náà, dúdú, ràgàjì, kùrukùru ṣì so mọ́ wọn lórí. Gbogbo ariwo inú bọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ ló rí i tí wọ́n kígbe pé "Ìdàn rè é!", ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú náà ti wá. Mo ti ń gbé Àkúrẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó sì dùn mí pé mo pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àtẹ̀gùn tí wọ́n mọ sára òkè yẹn lé ní 600. Àwọn kan ní 667 ni, àwọn kan ní 682, àwọn ọmọ wá pinnu pé àwọn máa ka tiwọn, ọmọ 21 sì ka iye 21 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kì í ṣe àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ìwọ̀n ẹ̀ dọ́gba o, èyí ga, èyí kúrú, èyí fẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjì lo máa gbé. Ibi ìsinmi wà lọ́nà tí èèyàn lè jókòó sí. Níbi ìsinmi kejì òòyì ń kọ́ mi, òógùn ti bo mí, àwọn ọmọ méjì láti Àgbọ̀nrín ló po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún mi, lítà omi 1, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń wọn oògùn, wọ́n ní "Ẹ rọra máa mu ún díẹ̀díẹ̀ mà, ẹ má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà." Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20 ojú mi là.

A dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Mo fẹ́ kí àwọn tí ò débẹ̀ rí mọ̀ pé ìlú ni o, kì í ṣe àpáta lásán. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, ilé alámọ̀ pẹ̀lú òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára, kóòtù àtijọ́ wà níbẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún làwọn ará Ìdànrè fi gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odòde ní ọ̀rúndún tó kọjá, òkè yẹn ni wọ́n fi ṣe odi, ọ̀tá tó bá ń bọ̀ wọ́n á ti rí i lókèèrè. Láti ọdún 2007 ló ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà kọ orúkọ ẹ̀ fún UNESCO pé kí wọ́n fi kún ogún àgbáyé. Ohun tó ń yí mi lọ́kàn níwájú ààfin yẹn ni pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbé ibẹ̀, àtẹ̀gùn oníkọnkéré ò sí. Àwọn ìyá ń pọn ọmọ, wọ́n ń ru iṣu àti omi, wọ́n ń gba orí àpáta yẹn lójoojúmọ́, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ mẹ́sàn-án sì ń bá wọn rìn. Bàbá tó kọ lẹ́tà ní òkè kì í ṣe ibi ọmọdé. Òkè yẹn ni wọ́n bí ọmọdé sí!

Ó wá ku ká lọ síbi ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ojú ẹsẹ̀ tó wà lára àpáta tí wọ́n ní kò sí ẹni tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tí kì í bá a mu, àyàfi àjẹ́. Láti ìgbà tá a ti kúrò nílé lọ̀rọ̀ yẹn ti ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tí ò fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, àwa àgbà náà fẹ́. Àṣá ló kan láti ṣáájú. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe àtẹ̀gùn mọ́, inú igbó ni, o máa gun àpáta, o máa sọ̀, o máa kọjá lórí omi, àwọn àpáta kan sì wà tí omi ń sun lórí wọn, wọ́n ti hu nǹkan tútù aláwọ̀ ewé, wọ́n ń yọ̀ bí ilá. À ń lọ, ọmọbìnrin yẹn ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á wo ẹ̀yìn, á kà wá, gbogbo wa 26, á tún ṣíwájú.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orí àpáta kan báyìí tó tẹ́jú tó sì ga ju gbogbo igbó àyíká ẹ̀ lọ la wà, ó dúró. Ọwọ́ òkè Orósùn ló ń wò. Òjò ti ṣú níbẹ̀ àmọ́ oòrùn ṣì wà lórí tiwa, kò sí ẹni tó ka nǹkan kan sí i nínú wa. Mo rí i tó ń ka nǹkan lẹ́nu. Ó tún kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, a máa padà. Àkọ́kọ́ jẹ́ 41, ìkejì ti di 28."

Mànàmáná ló ń kà. Wọ́n ti kọ́ wọn pé tó o bá ti rí mànàmáná kó o bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí wàá fi gbọ́ àrá, tí kò bá ti tó 30, àrá yẹn ti sún mọ́ ẹ ju bó o ṣe rò lọ, kó o kúrò lórí ibi gíga, kó o kúrò ní gbangba, kó o má sì sá lọ sábẹ́ igi tó dá dúró. Àwa ò tiẹ̀ rí mànàmáná kankan, ojúmọ́ ti mọ́ jù.

Ẹ gbọ́, Olóòtú, mo fẹ́ sọ òótọ́ ibẹ̀ bó ṣe rí. Inú bí wa. Ẹsẹ̀ Agbóògùn ò ju ìrìn díẹ̀ síwájú lọ, a ti sanwó ní géètì, a ti fi òógùn gun òkè, ọmọdé kan wá dúró níwájú wa ó ní ká padà nígbà tí oòrùn ń ràn. Bàbá kan nínú wa ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ fún èmi? Ìgbà tí mò ń lọ oko, wọn ò tíì bí ìyá ẹ." Ìyá kan ní ẹ jẹ́ ká yára lọ ká yára bọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi náà ò dákẹ́. Mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, níwájú gbogbo àwọn ọmọ, níwájú ọmọ tèmi.

Ọmọ yẹn kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí àpáta líle yẹn pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ń gbọ̀n, omi ti lé sójú ẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà. Ẹ má bínú sà. Ṣùgbọ́n a máa padà."

Láti ọjọ́ yẹn mo ti ń ro gbólóhùn yẹn lọ́kàn. Bàbá tó kọ lẹ́tà ní ọmọ náà rí àgbà fín. Níbo ló ti rí àgbà fín? Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wá, kò gbé ohùn sókè, kò fojú di ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá ẹ̀ kọ́ ọ ló wà níbẹ̀ pátá. Ohun tí kò ṣe ni pé kò torí ìtìjú wa fi ẹ̀mí ọmọ 21 tàfàlà. Tó bá jẹ́ pé ó dìde nílẹ̀ tó ní "ó dáa mà, ẹ jẹ́ ká máa lọ", ọmọ tó gbọ́ràn là bá pè é, a ó sì ti kó gbogbo ọmọ yẹn síwájú lábẹ́ àrá.

Ọ̀gá síkáótù ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn ní, "Àṣá ti sọ̀rọ̀. Ẹ yí padà." A yí padà, àwọn kan ń kùn.

A ò tíì rìn jìnnà tí ọmọkùnrin kan láti Ẹkùn fi tẹ ọ̀kan nínú àwọn àpáta tó ń yọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, ó jókòó sílẹ̀ gbì, ó fẹsẹ̀ rọ́. Ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú lójú wa. Bàbá tó sọ̀rọ̀ oko lẹ́ẹ̀kan yẹn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà mú láti fà á, bá a ṣe máa ń ṣe é nílé, inú rere ni wọ́n fi fẹ́ ṣe é. Ọmọbìnrin yẹn tún ni, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fà á." Ó tú sikáàfù ọrùn ẹ̀, ó ká a títí ó fi di tẹ́ẹ́rẹ́, kò bọ́ bàtà ọmọ náà o, orí bàtà yẹn gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gbà á lábẹ́ gìgísẹ̀, ó fà á gba ẹ̀yìn, ó fi wọ́nú ara wọn níwájú, ó ta á ní kókó pẹlẹbẹ tí kò ní gún un lára. Ìṣẹ́jú méjì, bóyá ó lé díẹ̀. Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi ń so aṣọ yẹn mọ́rùn, èmi ti rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àwọn ọmọ méjì di ọwọ́ ara wọn mú ní ọrùn ọwọ́, ọwọ́ mẹ́rin ṣe bí àga, ọmọ náà jókòó lé e, ó gbá wọn lọ́rùn mú, wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn bó bá ti rẹ̀ wọ́n.

Ẹsẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìlú àtijọ́ ni òjò dé. Mi ò rírú ẹ̀ rí, mo ti dàgbà o, àmọ́ òjò orí òkè yàtọ̀, kò jábọ́ látòkè nìkan, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń gbá èèyàn. Àrá ń sán, àpáta ń dá a lóhùn, èèyàn ò mọ èyí tó jẹ́ àrá nínú ẹ̀. A wọ abẹ́ òrùlé, a to àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ka ara wọn, méje, méje, méje. Nígbà tó rọlẹ̀ tí kùrukùru ṣí díẹ̀, mo rí àpáta tá a ti gbà lọ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo ẹ̀ ń dán, omi ń ya lulẹ̀ lórí ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da garawa nù, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wà ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan. Ìyá tó ní ká yára lọ ká yára bọ̀, mo rí i tó di ọwọ́ ọmọ ẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀ títí a fi délẹ̀.

A dúró títí 30 ìṣẹ́jú fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀mejì la rò pé ó ti tán, tó tún sán, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kan ti ń sunkún òtútù, wọ́n mu gàrí tútù, wọ́n jẹ ẹ̀pà, wọ́n kọrin. Wọ́n kìlọ̀ fún wa ká má di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú tí àrá bá ṣì ń sán. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, àmọ́ ta ni ì bá rántí ẹ̀ nínú wa? Irin yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ sáré dì mú.

Bàbá tó bá ọmọbìnrin yẹn jiyàn ló pọn ọmọ tó fẹsẹ̀ rọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, láti òkè títí dé ìsàlẹ̀, wọn ò jẹ́ kí ẹlòmíì gbà á. Mo fẹ́ kí ẹ gbé ìyẹn jáde, torí èèyàn dáadáa ni wọ́n. Aago méjì ló yẹ ká délẹ̀, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú la délẹ̀, ẹni tó dúró sísàlẹ̀ ti pe gbogbo ẹni tó yẹ kó pè. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ọmọ tán tó pé 21, ọmọbìnrin yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó ti ń múra láti kúnlẹ̀, èmi ni mo na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ òsì.

Ọsibítù yẹ ẹsẹ̀ ọmọ yẹn wò, egungun ò ṣẹ́, nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹta ń parí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti fẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ. Òbí mẹ́rin ti yọ ọmọ wọn kúrò nínú ẹgbẹ́, lẹ́tà bàbá yẹn tún wá dé, àwọn èèyàn ń kà á lọ́jà wọ́n ń wò mí.

Bàbá, tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má bínú sí mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ ní lẹ́sìn ló yẹ kí wọ́n wà. Ọmọ tèmi wà ní lẹ́sìn láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè, aago mẹ́jọ sí aago méjì, mi ò bá lẹ́sìn jà. Ṣùgbọ́n èwo nínú lẹ́sìn yẹn ló máa kọ́ ọ láti ka àrá? Èwo ló máa kọ́ ọ láti fi aṣọ ọrùn ẹ̀ di ẹsẹ̀ ẹnìkejì ẹ̀ láì jẹ́ kọ́wọ́ ẹ̀ gbọ̀n? Ọ̀gá síkáótù sọ fún wa níbi ìsinmi kan pé ohun tó fà á tí ọkùnrin tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ fi gbà pé èèyàn lè fi iṣẹ́ gidi lé ọmọ lọ́wọ́ ni pé nígbà tí ọ̀tá dó ti òun àti àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ní ìlú Mafeking ní South Africa láàárín ọdún 1899 sí 1900, àwọn ọmọkùnrin kéékèèké ìlú yẹn ló ń bá wọn jíṣẹ́ láàárín ìlú, wọn ò sì já wọn kulẹ̀. Ó wá kó nǹkan bí ogún ọmọ lọ sí erékùṣù Brownsea nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1907, ó pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ó fi ọmọ ṣe olórí ọmọ. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà lọ́dún 1915, ó ti lé ní 100 ọdún nílẹ̀ yìí, àwọn bàbá wa kan wọ kákí yẹn, a kàn ti gbàgbé ni.

Ẹ tún ní ọmọdé pàṣẹ fún àgbà. Àwa àgbà la fi iṣẹ́ yẹn lé e lọ́wọ́ nílẹ̀, kó tó di ọjọ́ náà, a sì gbà lójú gbogbo èèyàn. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tí ó bá ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ la máa pòwe mọ́ ọn, a tan ọmọ náà jẹ nìyẹn. Ṣé ọmọ tá ò lè gbà fún lórí àpáta la fẹ́ kó wá di dókítà, kó wá di awakọ̀, kó wá lè sọ fún ọ̀gá ẹ̀ lọ́jọ́ kan pé "Ẹ má bínú sà, bíréèkì mọ́tò yìí ò dáa, mi ò ní gbé e jáde"? Àwọn baba wa ló ní ọmọdé gbọ́n àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀, a sì máa ń sọ ọ́ níbi àpèjẹ. Èmi fúnra mi ti lọ bẹ ọmọ yẹn nílé wọn níwájú ìyá ẹ̀ fún èyí tí mo sọ lórí òkè. Ìyá ẹ̀ ní kò sọ ọ́ fún òun rárá.

Àwọn tó ń bójú tó òkè náà, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa fi àmì sójú ọ̀nà tó kọjá ìlú àtijọ́ lọ síbi ẹsẹ̀ Agbóògùn, kí ẹni tó ní oògùn àti báńdéèjì lọ́wọ́ sì máa wà lókè lásìkò họ́lídé. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ tó ń lọ síbẹ̀ ló máa ní ẹni tó mọ sikáàfù í dì.

Ẹ̀yin òbí mẹ́rin tẹ́ ẹ yọ ọmọ yín, ọmọ kan nínú wọn ti wá bá ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì pé kó fi kókó tuntun tí wọ́n kọ́ han òun. Wọ́n ṣì ń pàdé ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé. Wọ́n ti ń sọ ti Ìdànrè họ́lídé tó ń bọ̀, àwọn ọmọ fúnra wọn ló dìbò pé àwọn ṣì fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ ti Agbóògùn. Olórí Àṣá ní aago mẹ́fà àárọ̀ ni ká ti wà ní ìsàlẹ̀ òkè, ká lè padà sọ̀ kí òjò ọ̀sán tó dé. Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀, mo sì ti ń wọ kánfáásì yẹn lọ ọjà lójoojúmọ́ kó lè mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aláǹkárá kan, Àkúrẹ́